Orúkọ Mi ní Ojú Ewé Kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ẹ ní kí n sọ bí a ṣe ń ra ìwé nígbà tiwa. Ẹ gbé fóònù síwájú mi bí ẹni gbé àwo oúnjẹ síwájú aláìsàn, ẹ ní kí n máa sọ̀rọ̀, pé ó ń gbà á sílẹ̀. Kò burú. Kó máa gbà á sílẹ̀. Ó kúkú ń fetí sílẹ̀ ju ẹ̀yin tí ẹ gbé e wá lọ.

Èyí tí ẹ ń pè ní fíńtéèjì yẹn, àlòkù ni à ń pè é. Ìwé àlòkù, mágásíìnì àlòkù. A kò wá orúkọ òyìnbó fi bò ó lójú. Ẹni tó bá ra àlòkù mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ti kàn án ṣáájú tòun, níbẹ̀ gan-an sì ni adùn rẹ̀ wà. Wàá ṣí ìwé, wàá bá òdòdó gbígbẹ nínú rẹ̀, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, tàbí ibi tí ẹnì kan ti fa igi sábẹ́ gbólóhùn kan, tó wá kọ "irọ́ ni" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o ṣe ń ka ìwé ni o ń ka ẹni tó kà á ṣáájú rẹ. Lónìí, ẹ ń ra ìwé nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ bá àwọ̀ kọ́tìnì yín mu. Mo ti rí i. Nínú ilé kan ní Ẹ́sítéètì Ìbà níbí, wọ́n to ìwé pupa sókè, wọ́n to aláwọ̀ búlúù sísàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì dorí kodò. Mo bi onílé léèrè ohun tó wà nínú èyí tó dorí kodò. Ó ní, "Mọ́mì, dẹkọrésọ̀n ni." Mo ní ó ṣeun.

Ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí àwọn tó ń ta páálí fóònù pàtẹ sí báyìí, ibẹ̀ ni Làmídì máa ń tẹ́ tápólì rẹ̀ sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun Jímọ̀ ṣeré, kò sì kọjá ìwé kẹrin ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó wà lórí tápólì yẹn tí kò mọ inú rẹ̀, torí pé gbogbo ẹni tó bá ti ka ìwé rẹ̀ ló máa ń bi pé, "Báwo ló ṣe lọ?" Ohun tí o bá sọ fún un ni yóò sọ fún ẹni tó bá tún fẹ́ rà á, àfi ìparí nìkan. Bó bá kan ìparí, yóò fi ọwọ́ bo ẹnu. Láíbírì ni a sọ ọ́. Làmídì Láíbírì.

Ìró rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ kí n tó rí i. Láàárọ̀, yóò mú ìwé méjì, yóò máa fi wọ́n lura láti gbọn eruku wọn dànù: pàà, pàà, pàà. Nígbà ọyẹ́, ìró yẹn máa ń pàdé èèyàn lójú ọ̀nà láti Òkòkómáíkò bí ẹni ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí Ọ̀jọ́ láti wá kọ́ àwọn ọmọ girama. Ìlú tí mo ti wá ní ilé ìkàwé. Ọ̀jọ́ ní ẹja, ó ní àgbọn, ó ní ẹ̀fọn. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo rà níbí, ọwọ́ Làmídì ni mo ti rà á.

Tápólì yẹn ní òfin, ẹ jọ̀wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé láìkí àwọn tó bá níbẹ̀. Bí o bá sì rí òkìtì mágásíìnì tí o fẹ́ yẹ̀ wò, wàá yọ aṣọ ìnujú rẹ, wàá tẹ́ ẹ lé e lórí. Títí wàá fi mú un kúrò, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀, ìbáà jẹ́ ọba. Ọlọ́pàá kan ti ìnujú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan kó lè mú ìwé bọ́ọ̀lù. Làmídì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ lè tì mí mọ́lé, ṣùgbọ́n ẹ ò ní ka èyí." Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ dán an wò lónìí, kí ẹ tẹ́ ìnujú lé nǹkan lórí ní Alábà. Ẹ ò ní bá nǹkan náà, ẹ ò sì ní bá ìnujú.

Bí Iléyá bá dé, Làmídì máa ń fi ẹran ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà rẹ̀, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Lọ́dún kan mo rí i pé bébà tó fi wé ẹran mi, ojú ewé ìwé ni. Mo gbé e lọ bá a tìbínú-tìbínú. Ó fọwọ́ sọ àyà, ó ní, "Áǹtí Tíṣà, ẹ wò ó dáadáa. Ìwé ìṣirò ni. Mi ò jẹ́ fi ìtàn wé ẹran láyé mi." Mo wò ó. Ìwé ìṣirò ni lóòótọ́. Mo padà sílé, mo se ẹran mi.

Ẹ̀yin lérò pé ká sáà ti rà á ló parí. Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àárọ̀ Sátidé ni mo fi ń tún ìwé ṣe. Màá po sítáàṣì tó ki, màá fi ìyẹ́ adìyẹ lẹ ibi tó ya. Èyí tí òwú rẹ̀ ti já, okùn tí àwọn apẹja fi ń hun àwọ̀n ni màá fi rán an. Màá sá àwọn mágásíìnì sóòrùn àárọ̀, nítorí pé ti ọ̀sán máa ń mú kí àwọ̀ wọn ṣá, màá wá fi káfúrà sáàárín wọn kí aáyán má bàa sọ wọ́n di oúnjẹ. Àjàǹgbàdí ni mò ń gbé nígbà náà. Ewúrẹ́ aládùúgbò mi wọlé lọ́jọ́ kan tí mo sá ìwé, ó jẹ orí tó kẹ́yìn nínú ìtàn ìfẹ́ kan. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó fẹ́ ọmọbìnrin yẹn. Mo lọ fẹjọ́ sun ẹni tó ni ewúrẹ́. Ó ní kí n má bínú, pé bí àwọn bá pa á ní Kérésì, òun á fi itan ránṣẹ́. Ó fi í ránṣẹ́ lóòótọ́. Mo jẹ ẹ́. Ibi tí mo bá ìtàn náà dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ewúrẹ́ ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Ewúrẹ́ kò mọ̀wé.

Ẹ gbọ́ ohun kan tí ẹ ò lè mọ̀. Ìwé àlòkù kò ní rìsíìtì. Bí o bá kọ orúkọ rẹ sí èèpo iwájú, olè yóò ya èèpo dànù. Nítorí náà, olúkúlùkù àwa tó ń kó ìwé jọ ló ní ojú ewé tirẹ̀, ojú ewé ìkọ̀kọ̀, èyí tó máa ń kọ orúkọ sí nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Tèmi ni ojú ewé kọkàndínlọ́gbọ̀n, nítorí iye ọdún tí mo jẹ́ nígbà tí mo dé ibí. Inú kọ̀rọ̀ tí ewé ti wọnú ara wọn, níbi tí a rán, ni màá fi pẹ́ńsù kọ orúkọ mi sí wínníwínní, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo rà á. Ẹni tó bá mọ ojú ewé rẹ lè fi rọ́bà pa orúkọ rẹ rẹ́ nínú gbogbo ohun tí o ní. Nítorí náà, a kì í sọ ọ́. Ọkọ mi kú, kò mọ tèmi. Mo ń sọ ọ́ fún yín lónìí nítorí pé kò sí ẹni tó tún máa jí ìwé mọ́.

A ní ẹgbẹ́ kékeré kan nígbà náà. Àwa mẹ́tàlá ni. Ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, a máa ń jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀jọ́, a ó máa yá ara wa níwèé. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, akọ̀wé kọ́ọ̀tù wà níbẹ̀. Alága wa ni ọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkòkómáíkò. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ga, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, ibi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí i. Ẹni tí wọ́n bá ń kúnlẹ̀ kí, ó ṣòro fún un láti tún mọ bí a ṣe ń dúró.

Mo ní mágásíìnì méje tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Àwọn tí òṣèré máa ń dúró ya fọ́tò nínú rẹ̀ ni, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yóò wà nínú òbìrí funfun lókè orí wọn. Ìtàn kan ṣoṣo ló pín sí méjèèje: obìnrin kan tó fi ilé ọkọ sílẹ̀ láti lọ máa wa takisí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kó o jọ. Ìkíní àti ìkẹta ni mo kọ́kọ́ rí, mo wá ń wá ìyókù bí ẹni ń wá ẹran tó sọnù. Ìkeje ló pẹ́ jù. Lọ́jọ́ tí Làmídì rí i nínú ẹrù kan tó dé láti Àpápá, ó ti tápólì rẹ̀ pa ní ọ̀sán gangan, ó gbé e wá bá mi ní kíláàsì. Àwọn ọmọ mi rò pé ẹnì kan ló kú.

Ọ̀gá yá méjèèje. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá. Mo béèrè. Ó ní, "Tíṣà, mo ti dá a padà. Ọjọ́ tí òjò ńlá yẹn rọ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kí n wọlé, mo ní rárá." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú débi pé èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nílé. Mo tú gbogbo àpótí. Kò sí níbẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sábẹ́ igi fúrúùtù.

Gbogbo wọn gbọ́ tẹnu mi, wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀gá wá dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sílé mi báyìí. Ẹ yẹ gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n èmi náà máa ń ra irú mágásíìnì yẹn, a kò sì lè mọ ti tani láìsí àmì. Kí Tíṣà sọ ojú ewé tiwọn fún wa. Ibẹ̀ la ó wò."

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Nọ́ọ̀sì tì mí lápá. "Tíṣà, ẹ sọ ọ́ jàre, ká tètè parí rẹ̀. Mo gbé ẹ̀wà kaná."

Mo wo ojú wọn. Àwọn méjìlá. Mo ní ìwé àti mágásíìnì tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún nílé, orúkọ mi sì wà níbì kan náà nínú gbogbo wọn. Bí mo bá sọ ọ́, èèyàn méjìlá ló máa lọ sílé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé mi lápò. Mo ní, "A kì í sọ ọ́. Gbogbo yín mọ̀ pé a kì í sọ ọ́. Ẹ sọ tiyín ná." Kò sí ẹni tó sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n ń bi ju èmi lọ.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Ó ní, "Àmì tí kò ṣeé sọ, àmì tí kò sí ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Káfíńtà tí mo bá tún ìwé Bíbélì ìyá rẹ̀ rán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Èmi mẹ́nu, mo sì rí ọ̀ràn.

Bí mo ṣe di òpùrọ́ nìyẹn. Wọn kò lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ o. Àwọn ọ̀làjú ni wọ́n. Wọ́n kàn ń gbàgbé láti sọ ọjọ́ ìpàdé fún mi ni. Tíṣà Aláìlámì ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, orúkọ náà sì rìn títí ó fi dé etí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Làmídì kò bá wọn pè é, ṣùgbọ́n àwọn méjìlá yẹn ló ń fún un lóúnjẹ jẹ. Nígbà tí akọ̀wé kọ́ọ̀tù mú ìnujú mi kúrò lórí òkìtì kan níṣojú mi, mo wo ojú Làmídì. Làmídì tẹrí mọ́lẹ̀, ó ń gbọn eruku tí kò sí lára ìwé. Ọlọ́pàá tó níbọn kò rí irú rẹ̀ ṣe. Mo mú ìnujú mi, mo fi nu ojú, mo lọ sílé. Mi ò tún dé ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Badagry, kátapílà kó gbogbo ohun tó wà létí títì. Mo gbọ́ pé Làmídì ti padà sí Ìjẹ̀bú, mo sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti kú. Mi ò sunkún. Nígbà tó yá mo sunkún, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kàn yín.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi gbé e mọ́ra.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ra òwú nítòsí géètì ẹ́sítéètì yìí. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ní gíláàsì, iná mèremère, wọ́n kó mágásíìnì sínú ọ̀rá fífẹ́lẹ́ bí ẹja dídì. Ọmọbìnrin tó ni ín ń jẹ́ Tèmídire, ó kun èékánná aláwọ̀ ewé. Mo wọlé láti lọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni obìnrin onítakisí mi lára ògiri, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti fèrèsé ọkọ̀, ó ń wò mí.

Mo nawọ́ sí i. Tèmídire sáré dé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ nínú ọ̀rá. Ó máa ya."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa wá kà á?"

"Ẹ̀n? Wọn kì í kà á, mà. Wọ́n máa ń fi fírémù sí i ni. Òmíràn wà nínú tọ́yílẹ́ẹ̀tì ilé oúnjẹ kan ní Ìyànà-Ìbà báyìí. Ó rẹwà gan-an níbẹ̀."

"Nínú tọ́yílẹ́ẹ̀tì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n fi iná sí i."

Mo gbé àpò mi sílẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, yọ ọ́. Ṣí ojú ewé kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ya ewé méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa, kí o wo inú kọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n rán."

Ó wò mí bíi wèrè, ṣùgbọ́n ó ṣí i. Ó gbé e súnmọ́ iná. Ó ka orúkọ kan jáde, ó wá bi mí pé, "Ta nìyẹn, mà?" Mo yọ káàdì ìdánimọ̀ mi, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ọmọ náà jókòó. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ kó mẹ́ta mìíràn wá, ó ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń pariwo, "Háà! Mọ́mì! Ó tún wà níbí! Háà!" Mẹ́rin ló kù nínú méje. Ìkeje wà níbẹ̀.

Mo bi í níbi tó ti rà wọ́n. Ó ní lọ́wọ́ onídìrí kan ní Igbó-Elérin tó ń palẹ̀ yàrá bàbá rẹ̀ mọ́, bàbá kan tó fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Mi ò béèrè orúkọ. Mo ní èló ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kó wọn sínú àpò kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ máa gbé e lọ, mà. Mi ò lè ta nǹkan tó ní orúkọ ẹni tó ṣì wà láyé nínú." Inú bí mi. Mo ti múra sílẹ̀ láti kórìíra ọmọ yẹn látòkè délẹ̀, ó wá lọ ṣe ohun tí àgbà méjìlá kò lè ṣe.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Igbó-Elérin. Mo wọ léèsì mi tó dára jù, torí pé ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ́ ohun tí màá sọ. Mọ́rẹ̀nikẹ́, ọmọ Ọ̀gá, ń dirun fún oníbàárà méjì níwájú ilé, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ yí i ká. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mò ń wá, ó fi ìyarun tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá jókòó sí nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ti hunjọ bí àgbàdo gbígbẹ. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.

Mo ní, "Ẹ káàsán, Ọ̀gá."

Orí rẹ̀ yí síhà ọ̀dọ̀ mi. "Tíṣà," ni ó wí. Kò tilẹ̀ ronú kó tó sọ ọ́.

"Mo mú nǹkan wá. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Mo jókòó tì í, mo gbé ìkeje lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ìka tọ etí ewé rẹ̀, ó fọwọ́ pa èèpo rẹ̀. Ibi kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo ti fi sítáàṣì lẹ, ó wú díẹ̀. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé ibẹ̀, ó dúró.

"Mọ́rẹ̀nikẹ́ ní òun jó wọn níná," ni ó wí. "Ó ní ikán ti jẹ wọ́n."

"Mọ́rẹ̀nikẹ́ tà wọ́n. Bí bàbá, bí ọmọ." Àwọn onírun ti ń wò wá. Mo gbóhùn sókè díẹ̀, torí pé nítorí wọn ni mo ṣe wọ léèsì. "Ìgbà wo ni ẹ mọ̀ pé mágásíìnì mi wà lọ́wọ́ yín?"

Kò gbìyànjú láti purọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé kò fún mi láǹfààní rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìpàdé. Ìyàwó mi ló kó o sínú àpótí aṣọ àdúrà. Mo rò pé tèmi ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo wá dé ojú ewé yín."

"Ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀nà láti ilé yín dé ilé mi kò gba ìṣẹ́jú ogún."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò mú un wá?"

Ó ní, "Tíṣà, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán."

Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin gíga yẹn, alága, àgbà ìjọ. Ó rò pé bí òun bá dá ẹ̀rín wọn padà, òun ni wọ́n máa rín. Nítorí ìyẹn ló ṣe fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ni Ọlọ́run sọ. Ó ní Ọlọ́run ní kó dá a padà. Oníbàárà kan nínú àwọn tó ń dirun sọ pé, "Yéè!" Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n èmi ni ó gbé igbá tirẹ̀ lé lórí, tí mo ń rù ú káàkiri Ọ̀jọ́.

Mo ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí lẹ́nu, èyí tó máa dùn ún, èyí tó máa gún un. Mo dìde kí n lè sọ wọ́n dáadáa. Ó wá na mágásíìnì sókè sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kẹ́yìn. Ẹ kà á fún mi. Ti takisí yẹn. Ẹ kà á fún mi kí ẹ tó máa lọ."

Ojú kò tì í. Lójú ọmọ rẹ̀, lójú àwọn onírun, olè ń bẹ olóhun pé kó ka ohun tí òun jí fún òun. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti jókòó. Ẹ má bi mí ní ìdí. Yàtọ̀ sí èmi àti òun, mi ò mọ ẹlòmíràn lókè eèpẹ̀ tó ka ìtàn yẹn dé ìparí.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Mọ́rẹ̀nikẹ́ pa rédíò. Mo kà á títí mo fi dé ojú ewé kọkàndínlọ́gbọ̀n, mo wá dúró. Mo ní, "Ọ̀gá, ohun kan wà níbí. Mo fẹ́ kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́."

Kí n tó la ẹnu, afọ́jú náà ti kà á. Orúkọ mi. Orúkọ bàbá mi. Ọjọ́, oṣù, ọdún. Kò ṣi ọ̀kan nínú rẹ̀.

Mo ní, "Mi ò gbọ́."

Ó tún un kà, sókè, bí ìgbà tó máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Àwọn tó ń kọjá lójú títì yíjú wò wá.

Mo ní ó ṣeun. Mo ṣí ewé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ewé ọgbọ̀n fún un.